Ta Ni Ó Bọ́ Ta? Agboolé Àwọn Hinderer ní Kúdẹtì, Ìbàdàn, 1853–1869

Ọ̀nà tí ó jáde láti Ìlọrin lọ sí Àjàṣẹ́-Ìpo gba Ọ̀fà Garage kọjá. Níbẹ̀ ni àwọn awakọ̀ ti ń pe èrò, ibẹ̀ náà sì ni àwọn oníwàásù ti ń rí ẹni bá sọ̀rọ̀ kí ọkọ̀ tó kún. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo jókòó sínú ọkọ̀ níbẹ̀, mo ń gbọ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó ní àwọn òyìnbó fi ìrọ̀rùn ilé wọn sílẹ̀, wọ́n wá bọ́ àwọn baba ńlá wa tí ebi ń pa, wọ́n sì fi aṣọ bò wọ́n. Ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀ kò jiyàn. Bàbá àgbà kan tí ó mú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ pàápàá mi orí. Èmi náà mi orí. Ìgbà tí mo dé yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni ó tó yé mi pé ohun kan náà gan-an ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, kìkì pé mo fi ọdún àti orúkọ kún un.

Bí a bá fẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ oníwàásù náà wò, ìdílé David àti Anna Hinderer ní Ìbàdàn ni ó yẹ kí a mú, nítorí pé lẹ́tà àti ìwé ìrántí ojoojúmọ́ tí ìyàwó kọ ṣì wà. Ará Württemberg ní ilẹ̀ Jámánì ni ọkọ. Ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó rán an níṣẹ́. Ó dé Abẹ́òkúta ní 1849, ó sì kọ́kọ́ wọ Ìbàdàn ní 1851. Norfolk ni a ti bí Anna Martin ní 1827; ìyá rẹ̀ kú nígbà tí ó ṣì kéré. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní oṣù kẹwàá ọdún 1852, nígbà tí yóò sì fi di oṣù kẹrin ọdún tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n ti wọ Ìbàdàn, wọ́n sì ń gbé inú ilé alámọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ́ ilé tiwọn sí Kúdẹtì.

Ìbàdàn tí wọ́n wọ̀ kì í ṣe abúlé, kì í sì í ṣe ìlú òtòṣì. Ibùdó ogun ni, tí àwọn jagunjagun ti tẹ̀dó sí láti nǹkan bí 1829. Àwọn ni wọ́n dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìlọrin padà ní Òṣogbo ní nǹkan bí 1840. Oko wọn pọ̀, ọjà wọn kún, olóyè ogun kan ṣoṣo sì lè ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹrú àti ọmọ ẹ̀yìn. Òtòṣì wà níbẹ̀ lóòótọ́: àwọn ẹrú tí a kó dé láti ojú ogun, àwọn ìwọ̀fà tí gbèsè bàbá wọn so mọ́lẹ̀, àwọn opó, àwọn ọmọ tí kò mọ ibi tí ìyá wọn wà. Ṣùgbọ́n ọlá àwọn olóyè àti òṣì àwọn wọ̀nyí jọ wá láti orísun kan náà ni. Nígbà tí a bá pe irú ìlú bẹ́ẹ̀ ní ìlú òtòṣì tí ń dúró de olùrànlọ́wọ́, ogun ni a ń fi pamọ́.

Báwo ni ìlú jagunjagun ṣe lóye tọkọtaya yìí? Èrò tèmi ni pé agboolé ni wọ́n kà wọ́n sí. Ní Ìbàdàn, ènìyàn ńlá ni ẹni tí ọmọ, ẹrú, ìwọ̀fà àti alárìnkiri ń wá sá sí abẹ́ òrùlé rẹ̀. Àwọn Hinderer kò bí ọmọ kankan, síbẹ̀ ilé wọn kún fún ọmọ láàárín ọdún díẹ̀. Daniel Olúbí, ọ̀dọ́mọkùnrin Ẹ̀gbá tí ó ti sin òrìṣà rí, bá wọn wá láti Abẹ́òkúta gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọ̀dọ̀. Olúńlóyò, ọ̀kan nínú àwọn olóyè ogun, mú ọmọ rẹ̀ méjì, Yéjídé àti Akínyẹlé, fún wọn láti tọ́. Kò yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu. Bí ènìyàn ṣe ń fi ọmọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ní agbára tí òun kò ní ni olóyè náà ṣe. Ìwé ni agbára tuntun náà. Kì í ṣe gbogbo òbí ni ó gbà bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ wo ni ọmọ tí ó ń ka ìwé yóò ṣe lójú ogun? Ta ni yóò sì jẹ́rìí pé òyìnbó kò ní kó wọn lọ? Anna ni ó wẹ̀ wọ́n, ó rán aṣọ fún wọn, ó kọ́ wọn ní orin pẹ̀lú dùùrù rẹ̀. Ìyá ni wọ́n ń pè é, láìfi orúkọ kankan kún un.

Àwa tí a ń kọ ìtàn máa ń gbàgbé pé ìdílé ajíhìnrere tí ó wà ní Ìbàdàn nígbà náà ju ẹyọ kan lọ. Ní nǹkan bí 1858, Henry Johnson, Sàró tí orísun rẹ̀ jẹ́ Ọ̀yọ́, kó ìyàwó rẹ̀ Sarah àti àwọn ọmọ wọn dé láti Hastings ní Sierra Leone láti wá ṣe olùkọ́ ìjọ. Àrẹ̀mọ ni ó ti ṣiṣẹ́, bí William Allen, tí òun náà jẹ́ Sàró, ti wà ní Ògùnpa. Ilé ni àbí àjò ni wọ́n wá? Fún bàbá, bóyá ilé ni. Fún Samuel ọmọ rẹ̀, tí a bí ní Hastings ní 1846, ìlú tí kò dé rí ni. Kúdẹtì ni ọmọkùnrin náà ti lọ sí ilé ìwé, láàárín àwọn ọmọ Anna.

Ní 1860, ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀. Kúrunmí ti Ìjàyè kọ̀ láti gba Adélù ní Aláàfin lẹ́yìn ikú Àtìbà, Ìbàdàn sì gbógun tì í. Àwọn Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, wọ́n dí ọ̀nà Abẹ́òkúta. Àwọn Ìjẹ̀bú náà dí ọ̀nà tiwọn. Ìjàyè ṣubú ní oṣù kẹta ọdún 1862, ṣùgbọ́n ọ̀nà etíkun kò ṣí. Owó tí ẹgbẹ́ ń fi ránṣẹ́ kò lè dé mọ́, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ àti oògùn. Agboolé Kúdẹtì, tí ọmọ kún inú rẹ̀, di ilé tí kò ní owó ẹyọ tí yóò fi ra ẹ̀wà.

Ọdún wọ̀nyí ni mo rò pé ó yẹ kí oníwàásù Ọ̀fà Garage gbọ́ nípa rẹ̀. Wọ́n ta ohun tí wọ́n ní: àpótí, agolo, aṣọ, ohunkóhun tí ará ọjà bá lè rí ìlò fún. Ẹ̀wà àti epo di oúnjẹ ọ̀pọ̀ ọjọ́. Àìsàn kò sì fi Anna lọ́rùn sílẹ̀. Ohun tí ó mú wọn la àkókò náà já ni pé àwọn ará Ìbàdàn yá wọn ní owó ẹyọ, wọ́n ta oúnjẹ fún wọn láwìn, wọ́n sì fún wọn ní èyí tí wọn kò gba owó rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a dúró lórí ọ̀rọ̀ àwìn. A kì í ta àwìn fún àlejò tí a kò mọ ilé rẹ̀. (Ẹlẹ́fẹ̀ lè ní ọ̀nà ti dí, ibo ni wọn yóò sá lọ? Ṣùgbọ́n ẹni tí ó lè kú sínú ìyàn kọ́ ni a ń yá ní owó.) Àwọn tí wọ́n ya owó yìí, a kò rí orúkọ púpọ̀ nínú wọn nínú ìwé.

Láàárín ìnira yìí náà ni agboolé náà ṣì ń gba ènìyàn sí i. Hinderer ra ọmọdébìnrin kan tí ń jẹ́ Ògúnyọmí kúrò lóko ẹrú. Nígbà tí ó ṣe, obìnrin kan, tí òun náà jẹ́ ẹrú ní Ìbàdàn, dá ọmọ náà mọ̀: ọmọ rẹ̀ ni. A ra ìyá náà sílẹ̀. Nígbà tí Ìjàyè tú, wọ́n mú Edward Roper, ajíhìnrere tí ó wà níbẹ̀, ní ìgbèkùn, ọ̀dọ̀ àwọn Hinderer ni ó sì bọ́ sí. Ẹnu mìíràn tún dé sí ìdí ìkòkò ẹ̀wà.

Ní 1865, Glover, tí ń ṣàkóso Èkó, rán Captain Maxwell gba inú igbó wá ní ìkọ̀kọ̀ láti gbé Anna jáde. Àyè ìdágbére kò tó nǹkan. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń pè é ní Ìyá kàn rí i pé wọ́n ń gbé e lọ ni.

Ìwé tí a fi ń mọ gbogbo èyí, èyí tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣà jọ láti inú lẹ́tà rẹ̀ tí ó sì jáde ní 1872, ní ìdíwọ̀n tirẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí ń fi aṣọ àti ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ, ni ó kọ ọ̀pọ̀ lẹ́tà náà sí. Fún irú òǹkàwé bẹ́ẹ̀, oúnjẹ tí ó dé lójijì jẹ́ ìpèsè Ọlọ́run. N kò ní bá a jiyàn. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni, ìyà sì jẹ ẹ́ nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ òpìtàn ni láti bèèrè ọwọ́ tí ó gbé igbá náà dé ẹnu ọ̀nà. Bí èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti ń ka ìwé náà láti ọdún yìí wá, oore tí ó ti ọ̀dọ̀ òyìnbó wá ni a ń kọ sílẹ̀. A ka èyí tí ó lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ sí iṣẹ́ ìyanu.

Tọkọtaya náà tún padà sí Ìbàdàn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1867, àwọn Ẹ̀gbá lé àwọn ajíhìnrere òyìnbó kúrò ní Abẹ́òkúta, àwọn tí Ìbàdàn sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ara Anna kò gbà á mọ́. Nígbà tí 1869 fi máa parí, àwọn méjèèjì ti kúrò, Anna sì kú ní Norfolk ní oṣù kẹfà ọdún 1870. Kò sí òyìnbó tí ó gba ipò wọn. Olúbí, ọmọ ọ̀dọ̀ àná, ni iṣẹ́ Ìbàdàn bọ́ sí lọ́wọ́. A sì fi jẹ àlùfáà nígbà tí ó yá.

Samuel Johnson padà sí Kúdẹtì láti ṣe olùkọ́ ilé ìwé lẹ́yìn ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ìtàn Yorùbá tí ó parí ní 1897, tí àbúrò rẹ̀ Obadiah tún kọ lẹ́yìn tí ìwé àfọwọ́kọ àkọ́kọ́ ti sọnù, tí ó sì jáde ní 1921, ni gbogbo wa ṣì ń ṣí kí a tó kọ ohunkóhun. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àgbàlagbà kan tí ó sọ púpọ̀ fún un nínú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láti ìgbà Aláàfin Abíọ́dún wá: David Kúkọ̀mí, bàbá ìjọ Ìbàdàn.