Ìbànújẹ́ ṣáájú ikú nínú àrùn ìgbàgbé

Ìbànújẹ́ ṣáájú ikú ni ọ̀fọ̀ tí ó máa ń bá ọmọ tàbí ìbátan nígbà tí ẹni tí wọ́n fẹ́ràn ṣì wà láàyè, ṣùgbọ́n tí àìsàn ti ń mú un lọ díẹ̀díẹ̀. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí ń tọ́jú òbí tí ó ní àrùn ìgbàgbé. Oníṣègùn ọpọlọ Erich Lindemann mẹ́nu kan irú ìbànújẹ́ yìí nínú iṣẹ́ tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1944.

Àrùn náà

Àrùn Alzheimer ni ó wọ́pọ̀ jùlọ nínú àwọn ohun tí ń fa àrùn ìgbàgbé. Alois Alzheimer, oníṣègùn ará Jámánì, ni ó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1906. Ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2001 fi hàn pé, lọ́dọọdún, àrùn ìgbàgbé ń bẹ̀rẹ̀ lára ìdá 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn Yorùbá tí ó ti pé ọmọ ọdún 65 ní Ìbàdàn. Ti àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ní ìlú Indianapolis jẹ́ ìdá 3.24.

Ìrírí àwọn olùtọ́jú

Òbí lè má dá ọmọ rẹ̀ mọ̀ mọ́, tàbí kí ìyá máa bèèrè ọkọ rẹ̀ tí wọ́n ti sin. Bí wọ́n bá ń tún ikú náà tú fún un, ńṣe ni ó máa ń dà bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ olùtọ́jú a máa jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ó ń ṣàfẹ́rí. Nígbà tí òbí bá kú, ara lè tu ọmọ, kí ọkàn rẹ̀ sì máa dá a lẹ́bi. Èyí kì í ṣe àmì àìnífẹ̀ẹ́.

Sísọ̀rọ̀ nípa ikú

Yorùbá kì í sábà sọ pé àgbà kú: ọba a máa wàjà, àgbà a máa papòdà. Ọmọ tí ó bá bèèrè ibi tí bàbá rẹ̀ fẹ́ kí wọ́n sin òun sí lè dà bí ẹni tí ń retí ikú rẹ̀. Síbẹ̀, òwe sọ pé ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ni ó bímọ. Ìbẹ̀rẹ̀ àrùn náà, nígbà tí òbí ṣì lè sọ tẹnu rẹ̀, ni àkókò tí ó dára jù láti bèèrè nípa ìtọ́jú, ìsìnkú àti ohun ìní rẹ̀. Àgbà ẹbí kan ni ó sábà máa ń bá wọn ṣí ọ̀rọ̀ náà. Bí àkókò yìí bá kọjá, àwọn ọmọ yóò máa méfò ohun tí òbí wọn ìbá fẹ́, ìjà sì lè ti ibẹ̀ bẹ́ sílẹ̀.