Sísọ Omi Òkun Di Omi Mímu, àti Ọ̀ràn Omi ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Sísọ omi òkun di omi mímu ni iṣẹ́ ẹ̀rọ tí a fi ń yọ iyọ̀ kúrò nínú omi Olókun Sẹ̀níadé, tí ó fi di omi tí ènìyàn lè mu, tí ó sì lè fi se oúnjẹ, ní ibi tí ọ̀dá ti mú odò gbẹ tàbí tí èrò ti pọ̀ ju omi tí ilẹ̀ ní lọ. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, a kì í sábà gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí àfi nígbà tí ẹ̀rọ omi bá dákẹ́, tí àwọn mẹ́rúwà sì fi owó lé kẹ́ẹ̀gì omi. Nígbà náà ni ènìyàn a máa wo òkun àti ọ̀sà tí ó yí ìlú ká, tí yóò sì rántí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà pé a kì í gbé etí odò kí á máa fi itọ́ ṣan ọwọ́. Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, tí àwọn méjèèjì jókòó sí etí ọ̀sà ṣùgbọ́n tí omi wọn kò rí bákan náà, ni àyọkà yìí gbájú mọ́.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ

Ọ̀nà méjì ni ó ṣe pàtàkì jù. Èkíní, tí ó jẹ́ ti àtijọ́, ni kí a se omi òkun títí yóò fi di ooru, kí a sì gba ooru náà sí ibi tútù kí ó lè tún padà di omi; iyọ̀ kì í bá a lọ, ìsàlẹ̀ ni í kù sí. Èkejì, tí ó gbòde lónìí, ni ti awọ asẹ́ tí ojú ihò rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí omi ń gbà á kọjá ṣùgbọ́n tí iyọ̀ kò rí ọ̀nà. Lítà kan omi òkun ní iyọ̀ bí gíráàmù 35 nínú, nítorí náà kì í fi wọ́ọ́rọ́wọ́ gba inú awọ náà kọjá. Àfi kí ẹ̀rọ fi agbára tí ó tó ìlọ́po 55 sí 70 ìwúwo afẹ́fẹ́ tì í. Nínú omi tí a bá fà, ìdajì tàbí kí ó dín díẹ̀ ni í di omi mímu. Ìyókù, tí iyọ̀ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, ni a óò dà padà sínú òkun. Láti rí lítà 1,000 omi mímu, ẹ̀rọ òde òní ń jẹ iná mànàmáná tí ó tó yúníìtì 3 sí 4, irú yúníìtì tí à ń rà sínú mítà iná ilé wa, èyí sì ni ó ń sọ iye tí omi náà yóò jẹ́.

Ìtàn rẹ̀ ní àgbáyé àti ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà

Ní ìparí àwọn ọdún 1950 ni Sidney Loeb àti Srinivasa Sourirajan, ní Yunifásítì California ní Los Angeles, ṣe awọ asẹ́ tí ó wúlò fún iṣẹ́ yìí. Ní 1965, ìlú Coalinga ní California bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú awọ bẹ́ẹ̀ sẹ́ omi kànga oníyọ̀. Láti ibẹ̀ ni ó ti tàn dé àwọn ilẹ̀ Lárúbáwá, Ísírẹ́lì, Sípéènì àti Ọsirélíà. Ìwádìí kan tí a gbé jáde ní 2019 kà tó ilé iṣẹ́ ayọyọ̀ 16,000 ní àgbáyé.

Ní agbègbè tiwa, Cape Verde wà lára àwọn tí ó ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, nítorí pé àwọn erékùṣù náà kò ní odò tí ń ṣàn yípo ọdún, ọ̀dá sì ti pa wọ́n lẹ́kún lọ́pọ̀ ìgbà. Ní Ghana, ilé iṣẹ́ Teshie lẹ́bàá Accra bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2015, ó sì lè pèsè lítà 60 mílíọ̀nù lójúmọ́. Ṣùgbọ́n iye tí ilé iṣẹ́ omi ìjọba ń ra omi náà ju iye tí ó ń tà á fún ará ìlú lọ, tí ó fi di pé ní 2018 a ti ilẹ̀kùn rẹ̀ fún ìgbà kan. Ẹni tó bá fẹ́ dá Ghana lẹ́bi níláti rántí pé omi odò Volta, tí à ń fà láti Kpong wá sí Accra, kò ní iyọ̀ tí a óò náwó yọ. Dakar ní Senegal kò rí irú odò bẹ́ẹ̀ nítòsí: inú adágún Guiers, tí ó jìnnà ju 200 kìlómítà lọ, ni púpọ̀ nínú omi rẹ̀ ti ń wá, ìdí nìyí tí a fi fi ìpìlẹ̀ ilé iṣẹ́ Mamelles lélẹ̀ ní 2022, pẹ̀lú owó tí Japan yá wọn. Nígbà tí ọ̀dá ọdún mẹ́ta fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí ẹ̀rọ omi Cape Town, ní Gúúsù Áfíríkà, gbẹ ní 2018, wọ́n sáré gbé àwọn ẹ̀rọ kéékèèké kalẹ̀ ní Strandfontein àti Monwabisi. Òjò padà rọ̀, ṣùgbọ́n omi tí ẹ̀rọ wọ̀nyí pèsè wọ́n púpọ̀. Òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru.

Omi Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Ọ̀sà Èkó, tí Ìkòròdú, Bàyẹ̀kú àti Ìjẹ̀dẹ́ wà létí rẹ̀, kì í ṣe omi òkun tán, kì í sì í ṣe omi odò tán. Nígbà òjò, odò Ògùn àti Májídùn a máa da omi wọn lé e lórí títí iyọ̀ inú rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Nígbà tí ẹ̀rùn bá dé, tí odò bá fà sẹ́yìn, òkun a gba ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi ní Èkó wọlé, iyọ̀ a sì padà. Ohun tí ó ń fi èyí han ojú lásán ni koríko ojú omi aládòdó elésè-àlùkò, tí ó gba ọ̀nà Bàdágìrì wọ inú ọ̀sà ní nǹkan bí 1984: lákòókò òjò, ó tẹ́ ojú omi pa, tí ọkọ̀ apẹja kò rí ọ̀nà gbà, bí ẹ̀rùn bá mú iyọ̀ wọlé, ewé rẹ̀ a pọ́n, gbòǹgbò rẹ̀ a rà, a sì rì. Bí a bá sì ti ń lọ sí ìlà-oòrùn síhà Ẹ̀pẹ́ ni iyọ̀ ń dín kù, títí a ó fi dé ọ̀sà Lẹ́kìí, tí Ọ̀ṣun, yèyé afomitútù-wo-ọmọ, àti odò Òní ń dà sí, tí omi rẹ̀ kì í sì í ní iyọ̀ láti ọdún dé ọdún. Nítorí náà, ẹ̀rọ tí a bá gbé kalẹ̀ ní Ìkòròdú yóò bá omi kan pàdé ní oṣù Keje, yóò sì bá òmíràn pàdé ní oṣù Kẹta; ní ìhà ìlà-oòrùn Ẹ̀pẹ́, asẹ́ lásán àti oògùn apakòkòrò lè tó.

Ilẹ̀ Ìkòròdú fúnra rẹ̀ ga, iyanrìn rẹ̀ sì ń pa omi mọ́, nítorí náà kì í ṣe iyọ̀ ni ìṣòro ọ̀pọ̀ kànga ibẹ̀ bí kò ṣe irin: omi tí ó mọ́ gaara nígbà tí a fà á a máa pọ́n bí a bá fi í sílẹ̀ nínú ike mọ́jú, aṣọ funfun tí a bá sì fi fọ̀ a máa gba àwọ̀ ìpẹtà.

Láti ilé iṣẹ́ omi Ìju, tí ìjọba àwọn òyìnbó dá sílẹ̀ ní 1910, títí dé ti Àdìyán, tí a ṣí ní 1991, tí a sì ṣe láti máa pèsè gálọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 70 lójúmọ́, odò Ògùn ni Èkó gbára lé jù. Ètò omi tí ìjọba ìpínlẹ̀ ṣe fún 2010 sí 2020 pẹ̀lú, odò ni ó gbé ojú lé jù, ó sì fi ilé iṣẹ́ ńlá kan sí Odomola ní ìhà Ẹ̀pẹ́. Kí a rò ó wò: bí omi tí ó tó ti Àdìyán bá jẹ́ láti inú òkun ni a ti fẹ́ rí i, iná tí a óò nílò láìdákẹ́ kò ní dín ní mẹ́gáwáàtì 30, bẹ́ẹ̀ ilé iṣẹ́ iná Àkútè, tí a kọ́ fún Ìju àti Àdìyán lápapọ̀, kò ju bí mẹ́gáwáàtì 12 lọ. Òótọ́ ni pé ilé iṣẹ́ iná Ẹgbin, tí ó lágbára mẹ́gáwáàtì 1,320, wà ní etí ọ̀sà ní ìhà Ìkòròdú láti 1985, tí ó ń fi omi ọ̀sà tu ẹ̀rọ rẹ̀ lára, ẹ̀bá irú ilé bẹ́ẹ̀ ni a sì ń fẹ́ràn láti kọ́ ẹ̀rọ ayọyọ̀ sí ní ilẹ̀ òkèèrè. Ṣùgbọ́n gbogbo orílẹ̀-èdè ni ó ń jìjàdù iná náà.

Àríyànjiyàn lórí iyọ̀ inú kànga

Ohun kan wà tí ẹnu kò kò lé lórí. Àwọn kan gbà pé bí kànga ẹ̀rọ ṣe ń pọ̀ sí i létí òkun, tí a ń fa omi ilẹ̀ láìsinmi, ni ó ń fa omi òkun wọ abẹ́ ilẹ̀. Àwọn mìíràn ní iyọ̀ inú àwọn kànga kan ti wà nínú ilẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, pé lílù tí a lu kànga dé ibi tí kò yẹ ni a fi kàn án. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ méjèèjì jẹ́ òótọ́ ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí pé ní Lẹ́kìí, kànga tí kò jìn lè ní iyọ̀ kí èyí tí ó jìn púpọ̀ má ní i.

Pàtàkì rẹ̀

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, ó sì yẹ kí Èkó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí de ọjọ́ ọ̀dá. Ṣùgbọ́n ọ̀dá kọ́ ni ó mú ará Ìkòròdú máa ra omi lọ́wọ́ mẹ́rúwà. Paìpù tí kò dé ojúlé àti iná tí kò dúró ni. Àwọn wọ̀nyí ni kí a kọ́kọ́ tún ṣe, nítorí pé omi òkun pàápàá, lẹ́yìn tí a bá ti náwó yọ iyọ̀ rẹ̀, paìpù kan náà ni yóò gbà dé ilé.