Ogun Kọ́ Ló Jí Òfin Róòmù Dìde

Àwọn kan ń sọ pé nígbà tí àwọn ará Pisa kógun wọ Amalfi ní Ítálì lọ́dún 1135, wọ́n bá ìwé òfin Róòmù tí à ń pè ní Digest nínú ìkógun, wọ́n gbé e lọ sílé, láti ọjọ́ náà sì ni Yúróòpù ti tún mọ òfin Róòmù. Ìtàn yìí dùn létí, ṣùgbọ́n kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ìwé náà wà lóòótọ́. Ọba Justinian ló ní kí Tribonian àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣa ọ̀rọ̀ àwọn àgbà amòfin jọ sí abala 50, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 533. Ọ̀rúndún kẹfà yẹn náà ni wọ́n kọ àdàkọ tó bọ́ sọ́wọ́ Pisa. Nígbà tí Florence ṣẹ́gun Pisa ní 1406, ó gbà á, ibẹ̀ ló sì wà dòní. Bóyá nítorí pé ogun ló gbé e kúrò ní Pisa ni àwọn ènìyàn ṣe tètè gbà pé ogun náà ló gbé e débẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká yẹ ọdún wò. Ní 1076, ẹjọ́ ilẹ̀ kan wáyé ní Marturi, ní Tuscany. Sigizo ará Florence ní ó ti lé ní 40 ọdún tí òun àti bàbá òun ti wà lórí ilẹ̀ náà. Àwọn mọ́ńkì San Michele ní àwọn kò yéé pariwo ẹ̀tọ́ àwọn. Nordilus, aṣojú Beatrice tó ń ṣàkóso agbègbè náà, wá gbé Digest kalẹ̀: ẹni tí kò rí adájọ́ tí yóò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, ọjọ́ tó kọjá kò gbọdọ̀ pa ẹ̀tọ́ rẹ̀ rẹ́. Ó dá ilẹ̀ padà fún wọn. Ogun Amalfi ṣì ku ọdún 59! Irnerius náà, tí Bologna ń pè ní bàbá ẹ̀kọ́ òfin, orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé ilé-ẹjọ́ láti 1112.

Àwọn àdàkọ Digest tí wọ́n lò ní Bologna fúnra wọn tún jẹ́rìí. Onímọ̀ Mommsen fi hàn pé àṣìṣe ìwé Pisa wà nínú wọn, síbẹ̀ níbòmíràn wọ́n tọ̀nà níbi tí ìwé Pisa ti kùnà. Èyí ni pé ẹnì kan ti da ìwé Pisa kọ, ó sì fi ìwé mìíràn tún un ṣe. A kò mọ orúkọ rẹ̀. Ó dùn mí pé iyì iṣẹ́ rẹ̀ ni a gbé fún àwọn ajagun.