Orí Burúkú Kì í Wú Túúlú: Ìtàn Ìbéèrè Lórí Ohun tí Ó Ń Sọ Ènìyàn Di Ọ̀daràn



Lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ tèmi, n kì í ṣe amòfin. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ka ìwé Ọládẹ̀jọ Òkédìjí tí ń jẹ́ Àjà Ló Lẹrù, tí ó jáde ní 1969, kò lè yẹra fún ìbéèrè kan: kí ni ó ń sọ ọmọ ènìyàn di ọ̀daràn? Àwa Yorùbá ní ju ìdáhùn kan lọ. Bí a ti ń sọ pé kádàrá ni, ni a ń sọ pé àìkọ́ ni, tí a sì tún ń sọ pé ẹgbẹ́ búburú ni. Ó ti lé ní igba ọdún tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, àti ti Amẹ́ríkà lẹ́yìn wọn, ti ń wá ìdáhùn sí ìbéèrè kan náà. Ìtàn ìwákiri wọn ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ìdí tí mo fi kà á sí ni pé ìdáhùn tí àwùjọ kan bá gbà ni ó ń pinnu ohun tí yóò ṣe sí ẹni tí ọwọ́ òfin bá tẹ̀.

1. Ẹni tí ó ń ṣírò èrè àti ìyà

Ní 1764, Cesare Beccaria, ọmọ ìlú Milan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tẹ ìwé kékeré kan jáde lórí ẹ̀ṣẹ̀ àti ìjìyà. Kò kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Ní ayé ìgbà náà, ìdálóró ni ọ̀pọ̀ ilé ẹjọ́ Yúróòpù fi ń gba ìjẹ́wọ́ lẹ́nu ẹni tí a fura sí. Èrò Beccaria ni pé ènìyàn a máa wo èrè, a sì máa wo ìyà, kí ó tó ṣe ohunkóhun. Nítorí náà, ohun tí yóò dá ọwọ́ ọ̀daràn dúró ni kí ìyà dá a lójú, kí ó sì tètè dé; líle ìyà kò ní agbára tó bẹ́ẹ̀. Ó tako ìdálóró, ó sì tako ìjìyà ikú. Ní 1786, ìjọba Tuscany ní Ítálì fagi lé ìjìyà ikú.

Àléébù kan wà lára èrò yìí. Bí ebi bá ń pa ẹni méjì, tí ọ̀kan jalè, tí èkejì kò jalè, Beccaria kò sọ ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀.

2. Agbárí Villella

Oníṣègùn kan, Cesare Lombroso, rò pé òun rí ìdáhùn náà nínú egungun. Ní nǹkan bí ọdún 1870, ó yẹ agbárí Giuseppe Villella wò, ọkùnrin ará Calabria kan tí ó ti kú, tí wọ́n ti sọ sẹ́wọ̀n nítorí olè jíjà. Ó rí kòtò kékeré kan nísàlẹ̀ agbárí náà lẹ́yìn, ó sì ní irú rẹ̀ ni a ń rí lára ẹranko. Ìwé rẹ̀ lórí ọ̀daràn jáde ní 1876. Ohun tí ó wí níbẹ̀ ni pé a bí ọ̀pọ̀ ọ̀daràn bẹ́ẹ̀ ni, pé wọ́n jẹ́ ìpadàbọ̀ ẹ̀dá ìgbà láéláé, àti pé a lè fi párí ẹ̀rẹ̀kẹ́, etí, apá gígùn àti fínfín ara dá wọn mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí. Lójú Lombroso, fínfín ara ni ọ̀daràn fi jọ àwọn ìran tí òun pè ní aláìlajú, àwa adúláwọ̀ sì wà lára wọn. Nílẹ̀ wa láyé àtijọ́, ilà ni a fi ń mọ ọmọ ẹni, fínfín sì ni ọ̀ṣọ́ arẹwà. Ohun tí ń tọ́ka sí ìdílé lọ́dọ̀ tiwa ni onímọ̀ yìí sọ di ẹ̀rí ìwà ibi, kò sì bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní 1913, Charles Goring, dókítà ọgbà ẹ̀wọ̀n nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ èsì ìwádìí rẹ̀ jáde. Ó ti wọn nǹkan bí 3,000 ẹlẹ́wọ̀n, ó sì fi wọ́n wé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì àti àwọn ọmọ ogun. Kò rí ẹ̀yà ara kankan tí a lè pè ní ti ọ̀daràn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ṣì ń wá ẹ̀bi náà nínú àbímọ́ni. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́: orí burúkú kì í wú túúlú, a kì í dá ẹsẹ̀ aṣiwèrè mọ̀ lójú ọ̀nà. Orí inú ni wọ́n ń sọ, irin iṣẹ́ dókítà kò sì dé ibẹ̀.

Agbárí Villella ṣì wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Lombroso ní Turin. Ìlú rẹ̀, Motta Santa Lucia, lọ sí ilé ẹjọ́ láti gbà á padà kí wọ́n lè sin ín. Adájọ́ dá wọn láre ní 2012. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà ní 2017. Tíọ́rì náà ti kú, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fi gbé e kalẹ̀ kò tíì rí ilẹ̀ sùn.

3. Àwùjọ gẹ́gẹ́ bí olùjẹ́jọ́

Àwọn mìíràn gbójú kúrò lára ẹnì kan, wọ́n sì wo gbogbo ìlú. Adolphe Quetelet, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù, ṣe àyẹ̀wò àkọsílẹ̀ àwọn ilé ẹjọ́ Faransé. Ó rí i pé iye ẹ̀ṣẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti ọdún dé ọdún. Ìpinnu rẹ̀ ni pé àwùjọ ni ó ń pèsè ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀, ọ̀daràn kàn ń mú un ṣẹ ni. Ní 1895, Émile Durkheim fi kún un pé kò sí àwùjọ tí kò ní ọ̀daràn.

Ní 1938, Robert Merton, ọmọ àwọn tí ó ṣí wá sí Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé orílẹ̀-èdè náà ń pàṣẹ fún gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n lówó, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣí ọ̀nà owó fún gbogbo wọn. Ẹni tí ó gba àṣẹ náà gbọ́, tí kò sì rí ọ̀nà, lè la ọ̀nà tirẹ̀. Ní Chicago, Clifford Shaw àti Henry McKay fi hàn ní 1942 pé àwọn àdúgbò kan wà tí ìwà ìpáǹle ọ̀dọ́ kò dínkù níbẹ̀, bí ìran tí ń gbé ibẹ̀ tilẹ̀ ń yí padà. Ta ni yóò tún sọ pé inú ẹ̀jẹ̀ ìran kan ni ó wà?

Edwin Sutherland ní tirẹ̀ sọ pé ńṣe ni a ń kọ́ ìwà ọ̀daràn lọ́dọ̀ àwọn tí a ń bá rìn. Èyí kò ṣàjèjì sí wa: àgùntàn tó bá bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Ṣùgbọ́n ó tún gbé ìgbésẹ̀ tí ó le ju èyí lọ. Ó ṣàyẹ̀wò 70 ilé iṣẹ́ ńláńlá ní Amẹ́ríkà, ó sì ka ìdájọ́ 980 tí a ti ṣe lòdì sí wọn. Nígbà tí ìwé náà yóò jáde ní 1949, akéde ìwé ní kí ó yọ orúkọ àwọn ilé iṣẹ́ náà kúrò. Ọdún 1983 ni ẹ̀dà tí ó ní orúkọ wọn tó jáde. Láti ìgbà náà, kò bójú mu mọ́ láti sọ pé òṣì nìkan ni ó ń bí ọ̀daràn. Àwọn tálákà ni ọwọ́ sábà ń tẹ̀, àwọn nìkan ni wọ́n sì ń kà.

4. Ohun tí ó kàn wá

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ìjọba ológun Nàìjíríà ṣe òfin ní 1970 pé kí adigunjalè kú. Ní 1971, wọ́n yìnbọn pa Ishola Oyenusi ní Bar Beach níṣojú ogunlọ́gọ̀ ènìyàn. Ìyà náà le tó. Ṣé ó dẹ́kun olè? Ní 1986, Lawrence Anini da ìlú Benin rú. Nígbà tí wọ́n pa á ní 1987, George Iyamu, ọ̀gá ọlọ́pàá kan tí ilé ẹjọ́ rí i pé ó ń ran ẹgbẹ́ náà lọ́wọ́, wà lára àwọn tí wọ́n jọ kú. Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Níbi tí ọlọ́pàá ti lè di alájọpín, ìyà kò lè dá olè lójú, ohun tí Beccaria sì gbé ìrètí rẹ̀ lé nìyẹn.

Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan mú ìbéèrè náà lọ sórí ìtàgé nínú eré rẹ̀, Once Upon Four Robbers, níbi tí ó ti fi ìpinnu ọ̀ràn àwọn olè náà lé àwọn òǹwòran lọ́wọ́. Ó mú kí ẹni tí ó wá wòran di adájọ́.

Ní ìparí, èmi kò rí tíọ́rì kan ṣoṣo tí ó tó. Mo fara mọ́ ti Travis Hirschi, tí ó yí ìbéèrè náà padà ní 1969: kí ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wa ṣẹ̀? Ìdáhùn rẹ̀ ni òbí, ilé ẹ̀kọ́, iṣẹ́, àti ohun tí a gbà gbọ́. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí a bá gba èyí, nígbàkígbà tí a bá mú olè kan, ẹ jẹ́ kí a bèèrè èwo nínú okùn wọ̀nyí ni ó já lọ́wọ́ rẹ̀, àti ẹni tí ó já a. Ìbéèrè náà kò ní kí a má jẹ ẹ́ níyà. Ó ń béèrè pé kí a má fi ikú rẹ̀ bo iṣẹ́ tí àwa kò ṣe mọ́lẹ̀.