Ta Ni Wọ́n Ń Kà Mọ́ Òǹwòran? Àgbéyẹ̀wò Ìwádìí Lórí Obìnrin Tó Ń Wo Eré Ìdárayá àti Ìròyìn Eré Àwọn Obìnrin

Ní ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 2022, Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, sá eré ọgọ́rùn-ún mítà tí wọ́n ti ń fo igi ní Eugene, ìpínlẹ̀ Oregon, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 ló fi sá a. Ìpele tó ṣáájú àṣekágbá lásán ni, síbẹ̀ kò sí obìnrin tó tíì yára tó bẹ́ẹ̀ rí láyé. Ní àṣekágbá, ó fi 12.06 gba wúrà, àmọ́ afẹ́fẹ́ tó ń tì wọ́n lẹ́yìn ti kọjá òdiwọ̀n, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ 12.12 ló wọ ìwé. Aago kan òru ti kọjá ní Nàìjíríà nígbà tó sá ti àkọ́kọ́. Ìkejì bọ́ sí nǹkan bí aago mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kí ara wọn kú oríire láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ọjọ́ kejì, orí WhatsApp ni wọ́n ti rí i, nínú fídíò kúkúrú tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ọmọ ilé-ìwé àtijọ́ tàbí ẹgbẹ́ alájọ. Bí olùṣèwádìí bá fẹ́ mọ iye obìnrin tó wo eré yìí n'Íjẹ̀bú, kò ní rí wọn nínú ìwé ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn kankan.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ yẹ̀ wò nìyẹn. Ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí ti tó ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀, ìlú òyìnbó ni wọ́n sì ti ṣe èyí tó pọ̀ jù. Lójú tèmi, a lè gbára lé iye tí wọ́n kà nípa ohun tí ilé iṣẹ́ ìròyìn gbé jáde. Iye àwọn tó ń wò ó ni mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún, nítorí ìjókòó ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka ojú.

Iṣẹ́ tí gbogbo èèyàn máa ń tọ́ka sí ni ti Michael Messner, Cheryl Cooky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Láti ọdún 1989 ni wọ́n ti ń gba ìròyìn eré ìdárayá àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn mẹ́ta ní Los Angeles sílẹ̀ lọ́dún márùn-ún márùn-ún, wọ́n sì fi ètò SportsCenter ti ESPN kún un nígbà tó yá. Wọ́n ń wọn iye àkókò tí wọ́n fún obìnrin. Ní 1989, nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ó gòkè dé 8.7 ní 1999, ó já wálẹ̀ sí 1.6 ní 2009, ó sì padà sí 5.4 ní 2019. Wọ́n fi ọgbọ̀n ọdún rìn yíká, wọ́n tún bára wọn níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé àwọn obìnrin ní ilẹ̀ Faransé sì ni 2019 yẹn, èyí tí Amẹ́ríkà gbà. Bí a bá yọ ìròyìn ife náà kúrò, 3.5 ló kù. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà (American football) ti àwọn ọkùnrin àti bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n wọn ló ń jẹ àkókò, kódà lásìkò tí wọn ò gbá a rárá, tó jẹ́ àhesọ nípa ẹni tó máa lọ sí ẹgbẹ́ míì ni wọ́n ń sọ. Àwọn olùṣèwádìí náà rí i pé ìròyìn obìnrin máa ń yọjú lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà yóò di àwátì títí ètò náà yóò fi parí.

Ìwádìí ilé iṣẹ́ Nielsen, tó ń ka òǹwòran, ti ọdún 2018 wá láti apá ibòmíràn. Orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ni wọ́n ti bi àwọn olólùfẹ́ eré ìdárayá léèrè, ìdá 84 nínú ọgọ́rùn-ún sì ní àwọn nífẹ̀ẹ́ sí eré àwọn obìnrin. Nínú àwọn wọ̀nyí, ìdá 51 ló jẹ́ ọkùnrin. Ó yẹ kí èyí ti pa àríyànjiyàn kan: àwọn ọ̀gá oníròyìn tó ń sọ pé obìnrin nìkan ló lè wo eré obìnrin, àti pé obìnrin kì í wo eré, ìṣirò wọn kò jóòótọ́ lápá méjèèjì. Àmọ́ kò sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà kankan nínú mẹ́jọ náà, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé 84 yìí wá sí Ìbàdàn bí ẹni gbé ìwé ẹ̀rí wá.

Lórí òǹwòran gan-an, Stacey Pope àti Kim Toffoletti ni mo gbà pé wọ́n ṣiṣẹ́ jù. Ìwé àwọn méjèèjì jáde ní 2017. Pope fọ̀rọ̀ wá àwọn obìnrin tó ń tẹ̀ lé ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àti ẹgbẹ́ rọ́gbì ní Leicester lẹ́nu wò, ó sì fi hàn pé iṣẹ́ ilé àti ọmọ títọ́ ti dá ọ̀pọ̀ wọn dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó lè máa lọ sí pápá bí wọ́n ṣe fẹ́. Toffoletti kìlọ̀ pé kò yẹ ká fi ìwà ọkùnrin òǹwòran ṣe òṣùwọ̀n tí a ó fi wọn obìnrin. Ìkìlọ̀ yìí bá tiwa mu gan-an.

Níbòmíràn, òfin tàbí agbára ìjọba ló ń dènà. Ní Iran, lẹ́yìn ìyípadà ìjọba ọdún 1979, nǹkan bí ogójì ọdún ni wọn kò fi jẹ́ kí obìnrin wọ pápá bọ́ọ̀lù àwọn ọkùnrin. Obìnrin kan, Sahar Khodayari, múra bí ọkùnrin láti wọlé ní 2019, wọ́n mú un, ó sì dáná sun ara rẹ̀ níwájú ilé ẹjọ́ nígbà tó gbọ́ pé wọ́n lè fi òun sẹ́wọ̀n. Ó kú ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ta nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti ààbọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì fún obìnrin ní pápá Azadi, tí Iran fi na Cambodia ní góòlù mẹ́rìnlá sí òdo.

Kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ẹ wá wo ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ládùúgbò lọ́jọ́ Sátidé: páànù lókè, tapólì lẹ́gbẹ̀ẹ́, bẹ́ǹṣì pákó tí èèyàn mẹ́fà fún mọ́ra wọn lé, tẹlifíṣàn méjì tí wọ́n so mọ́ igi, jẹnẹrétọ̀ tó ń bú lẹ́yìnkùlé. Wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára pátákó pé Arsenal aago báyìí, Chelsea aago báyìí. Àwọn kan bọ́ra sílẹ̀, àwọn kan di ìwé tẹ́tẹ́ mú, èébú sì ń fò lókè bí ẹ̀ṣín. Obìnrin tó bá wọlé síbẹ̀, gbogbo ojú ló máa yí sí i. Àmọ́ ẹ wo ẹnu ọ̀nà. Ìyá ẹlẹ́pà tó gbé igbá kalẹ̀ níbẹ̀ kò rí tẹlifíṣàn, ariwo ló fi ń gbọ́ eré. Ó mọ ariwo góòlù yàtọ̀ sí ariwo pẹ́nárítì tó fò lókè, ó sì mọ̀ pé bí Chelsea bá na ẹgbẹ́ tí àwọn tó wà nínú ilé ń tì lẹ́yìn lónìí, wọn ò ní ra ọjà. Kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni pé ó jẹ́ òǹwòran. Bákan náà ni ìyá tí wọ́n bi nílé pé ṣé ẹ máa ń wo bọ́ọ̀lù. Yóò ní rárá o, ọkọ òun àtàwọn ọmọ ló ń wò ó. Kí olùṣèwádìí tó kọ rárá náà tán, ìyá yìí ti ń bá a jiyàn lórí Osimhen, agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà. Ìdáhùn tó fún un kì í ṣe irọ́: kì í jókòó wò ó. Láàárín ọbẹ̀ àti aṣọ ọmọ iléèwé tó fẹ́ lọ̀ ló ti ń wò ó.

Nípa bí ilé iṣẹ́ ìròyìn Nàìjíríà ṣe ń gbé eré àwọn obìnrin jáde, ohun tí mo rí ni pé ìgbà méjì ni wọ́n máa ń rántí wọn: ìgbà tí wọ́n bá gba ife, àti ìgbà tí wọ́n bá jẹ wọ́n lówó. Ní 2004, lẹ́yìn tí Super Falcons, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àwọn obìnrin Nàìjíríà, gba ife Áfíríkà ní South Africa, wọ́n kọ̀ láti kúrò ní òtẹ́ẹ̀lì títí wọn yóò fi san ajẹmọ́nú wọn. Ní oṣù Kejìlá 2016, wọ́n na Cameroon ní Yaoundé níwájú àwọn ará ilé ẹ̀, wọ́n padà sí Abuja, wọ́n tún jókòó sí òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì wọ́de lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ọ̀rọ̀ owó náà tún wáyé ní ilẹ̀ Faransé ní 2019, ó tún wáyé kí wọ́n tó lọ sí Australia ní 2023. Ẹni tó bá ń ka ìwé ìròyìn wa láti ogún ọdún sẹ́yìn yóò mọ ìtàn gbèsè àwọn obìnrin yìí ju bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù lọ. Mi ò dá akọ̀ròyìn lẹ́bi pé ó kọ ìròyìn gbèsè, nítorí gbèsè ni. Ìbéèrè mi ni ibi tí ìròyìn ìdíje kejì nínú ìpele ìpín wà, èyí tí wọ́n gbá láìsí ife níbẹ̀ àti láìsí ìjà.

Ẹ wo ti Rabat, ọjọ́ 26 oṣù Keje 2025, tí Super Falcons bá Morocco gbá àṣekágbá ife Áfíríkà. Morocco ti fi góòlù méjì ṣíwájú kí ààbọ̀ eré tó pé. Esther Okoronkwo gba pẹ́nárítì wọlé ní ìṣẹ́jú kẹrìnlélọ́gọ́ta, Folashade Ijamilusi dá a padà sí ọ̀mì ní ìkọkànléláàádọ́rin, Jennifer Echegini sì gba ìkẹta wọlé nígbà tó ku ìṣẹ́jú méjì kí àádọ́rùn-ún pé. Ife kẹwàá nìyẹn. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, Ààrẹ Tinubu ṣèlérí owó tó tó 100,000 dọ́là fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ilé oníyàrá mẹ́ta. Láti ìgbà náà, dọ́là gba ẹnu gbogbo èèyàn. Ṣé ó pọ̀ jù, ṣé àwọn dókítà kọ́ ló yẹ kó gbà á? Díẹ̀ ló ṣẹ́ kù tó ń béèrè ohun tí Justine Madugu, kọ́ọ̀ṣì wọn, sọ fún wọn nígbà ìsinmi. Àwọn D'Tigress náà jẹ irú ìyà yìí ní Paris ní 2024. Àwọn ni ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n Áfíríkà àkọ́kọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, tó dé ìpele ẹlẹ́gbẹ́ mẹ́jọ ní Òlíńpíìkì, àmọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn rántí ọkọ̀ ojú omi tí wọn kò jẹ́ kí wọ́n wọ̀ lálẹ́ ìṣíde ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ.

Ọ̀rọ̀ orúkọ pípè náà wà níbẹ̀. Messner, Margaret Duncan àti Kerry Jensen kọ̀wé ní 1993 pé àwọn tó ń ṣàlàyé eré tẹ́níìsì máa ń fi orúkọ àbísọ nìkan pe obìnrin, wọ́n sì ń pe ọkùnrin ní orúkọ bàbá rẹ̀. Wọ́n kà á sí àìbọ̀wọ̀. Bí a bá gbé òṣùwọ̀n yìí wá síbí, yóò ṣì wá lọ́nà. Ta ló ń pe Okocha, ọkùnrin agbábọ́ọ̀lù wa, ní nǹkan míì ju Jay-Jay lọ? Mathematical ni wọ́n ń pe Segun Odegbami, agbábọ́ọ̀lù bíi tirẹ̀, iyì sì ni. Ohun tó yẹ ká máa fetí sí lọ́dọ̀ tiwa ni “àwọn ọmọbìnrin wa”. Onome Ebi, agbábọ́ọ̀lù Super Falcons, lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ẹlẹ́ẹ̀kẹfà rẹ̀ ní 2023, ẹni ogójì ọdún ni, síbẹ̀ “àwọn ọmọbìnrin wa” kó òun náà mọ́ra. Bó bá jẹ́ pé ojúde ilé ni wọ́n ti pàdé, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń sọ ọ́ lórí rédíò ni ìbá pè é ní Àǹtí. Ti Amusan tún yàtọ̀. Nígbà tí Michael Johnson, ọkùnrin asáré Amẹ́ríkà, sọ pé aago tí wọ́n fi ka eré náà ń kọ òun lóminú, odindi ọ̀sẹ̀ kan ni ìròyìn tiwa fi di ìjà pẹ̀lú Johnson. Bí obìnrin kan ṣe ń gbé ẹsẹ̀ láti igi àkọ́kọ́ dé ìkẹwàá, tó fi dín àkókò kù tó bẹ́ẹ̀, kò jọ wọ́n lójú.

Wọ́n sábà máa ń sọ pé òǹwòran kò sí, ìdí nìyẹn tí àwọn kò fi gbé e jáde. Ìtàn kò ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá 1920, nǹkan bí 53,000 èèyàn wo ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù obìnrin Dick, Kerr ní Goodison Park ní Liverpool. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni àjọ bọ́ọ̀lù England lé obìnrin kúrò lórí pápá àwọn ẹgbẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì fi nǹkan bí àádọ́ta ọdún ti ìlẹ̀kùn náà. Nígbà tí BBC fi àṣekágbá Euro 2022 ti àwọn obìnrin hàn lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn tó ń wò ó lẹ́ẹ̀kan náà dé mílíọ̀nù 17.4, yàtọ̀ sí 87,192 tó wà ní Wembley. Lọ́fẹ̀ẹ́ ni kókó ibẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, àtẹ ìkànnì tẹlifíṣàn tó ń fi eré hàn gbówó lórí, ẹni tó san owó náà ló sì ń di rìmóòtì mú.

Fún ìdí yìí, mo gbà pé ibi tí rìmóòtì bá ti wà lọ́wọ́ obìnrin ni kí ìwádìí tiwa ti bẹ̀rẹ̀. Ilé ìdirun jẹ́ ọ̀kan. Africa Magic Yoruba ló máa ń wà lórí tẹlifíṣàn níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́; ẹ jẹ́ ká mọ ọjọ́ tí onídìrí yí i padà, ẹni tó ní kó yí i, àti bó ṣe pẹ́ tó. Ẹ tún wá àwọn àgbà lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó jókòó ní pápá ìṣeré Surulere ní 1973, tí Modupe Oshikoya fi gba wúrà mẹ́ta nínú ìdíje gbogbo Áfíríkà, ṣì wà láyé. Àwọn tó wà ní Abẹ́òkúta lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1998, nígbà tí Falcons fi góòlù méjì sí òdo na Ghana gba ife, kò tíì darúgbó pàápàá. Ẹ bi wọ́n pé ta ló mú wọn lọ, kí ni wọ́n kọ lórin, ta ló jókòó ti ọmọ nílé.

Lẹ́yìn náà, kí olùṣèwádìí gbéra lọ sí Ìkẹ́nnẹ́, níbi tí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù obìnrin Remo Stars Ladies wà, tàbí Àkúrẹ́ lọ́dọ̀ Sunshine Queens, nígbà tí líìgì àwọn obìnrin bá ń lọ. Dọ́là kò sí níbẹ̀, kámẹ́rà tó máa bá níbẹ̀ ò sì pọ̀. Yóò lè fojú ara rẹ̀ ka àwọn tó wá.