Ojú Ọjọ́ Pàwàdà

Àbúrò bàbá mi ń yín àgbàdo nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ní Òde-Ayé, rédíò ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ náà ní "ìyípadà ojú ọjọ́" ti dé, pé ká múra láti bọ́ sínú "ọrọ̀-ajé aláwọ̀ ewé". Bàbá gbé orí sókè. "Ìgbà wo ni ojú ọjọ́ kì í yí padà? Ṣebí oòrùn ló ń ràn láàárọ̀, tó wá ṣú báyìí?" Nígbà tó kan aláwọ̀ ewé, ó bi mí bóyá ìjọba tún fẹ́ pààrọ̀ owó ni. Mi ò bá a wí. Ẹni tó tò sẹ́nu ọ̀nà báǹkì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, tó ń wá náírà tuntun tí kò rí, kò lè gbọ́ àwọ̀ àti ọrọ̀-ajé pa pọ̀ kí àyà rẹ̀ má já.

Ohun tó dùn mí ni pé ọkùnrin yìí mọ ọ̀ràn náà ju sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lọ. Ọdún yẹn gan-an ló gbin àgbàdo sí àkọ́rọ̀, tí òjò dá, tí gbogbo ohun tó hù rọ, tó tún lọ ra irúgbìn mìíràn. Ọ̀rọ̀ tí a fi pè é ni kò jẹ́ kó dá a mọ̀.

Nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí a ń túmọ̀, àwọn tó rọrùn kò yẹ kí wọ́n gbà wá lásìkò. Gáàsì ni gáàsì, kábọ́ọ̀nù ni kábọ́ọ̀nù. Sólà ti di ọmọ onílé. Ẹni tó bá ní ká máa pè é ní "pátákó agbọ́ná-oòrùn" kò tíì bá àwọn tó ń gbé e sórí òrùlé sọ̀rọ̀ rí. Gáàsì tó ń sé ooru mọ́ ayé, "asóorumọ́" tó mi. Òyìnbó ló ń gbin ẹ̀fọ́ sínú ilé gíláàsì. Bí a bá ní "gáàsì ilé ewéko", ahéré ni àgbẹ̀ yóò rò. Orúkọ ohun èlò, mo gbà ká yá a lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Orúkọ èrò ni mi ò gbà.

Ká wá yẹ ojú ọjọ́ wò. Ojú ni ohun tí a bá pàdé: ó lè rọ̀, ó lè le, ó lè fà ro, gbogbo rẹ̀ láàárín wákàtí kan. Bẹ́ẹ̀, ohun tí àwọn onímọ̀ ń wọ̀n kì í ṣe ti ọjọ́ kan. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ń kó pọ̀ kí wọ́n tó sọ pé báyìí ni ibì kan ṣe rí. Àwọn baba wa náà ń kà á. Àkọ́rọ̀ ni òjò tó kọ́kọ́ rọ̀. Àrọ̀kúrò, à-rọ̀-kúrò, ni èyí tó rọ̀ tó fi dágbére. Kò sí ẹni tó lè pe òjò ní àkọ́rọ̀ àfi tó bá ti dá a lójú pé òmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àdéhùn ló wà nínú orúkọ yẹn, àdéhùn náà ló sì bà jẹ́.

Àwọn kan ní ká lo "ìgbà". Ṣùgbọ́n "ìgbà ti yí padà" ni àgbàlagbà ń wí nígbà tí ọmọdé kò bá kúnlẹ̀ kí i. "Ìyípadà" fúnra rẹ̀ kò ràn wá lọ́wọ́: ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìròyìn ayọ̀ ni, lẹ́nu olóṣèlú, ìlérí ni. Lẹ́bàá òkun Ìlàjẹ, aládùúgbò wa, Ayétòrò wà níbẹ̀, ìlú tí wọ́n tẹ̀dó ní 1947, tí òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé rẹ̀ lọ. Ta ló fẹ́ pe ìyẹn ní ìyípadà?

Ìwà ni mo mú. Ojú la ń pàdé, ìwà la ń bá gbé. Ẹni tó le ojú lónìí lè jẹ́ oníwà tútù. Ọdún pípẹ́ la fi ń mọ̀ ọ́n. Yorùbá sì ti ní bátànì tó ń fi ìdàrú irú èyí hàn: pa ara dà, ó di paradà, pa ohùn dà, ó di pohùndà, pa ìwà dà, ó di pàwàdà. Ìpàwàdà ojú ọjọ́. Bí ẹnì kan bá ní ojú kì í ní ìwà, ẹ jẹ́ ká rántí pé ojú ọjọ́ ti di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, bíi ojúlé, bíi ojúṣe. Kò sẹ́ni tó ń wá ẹyinjú nínú rẹ̀.

Mo gbé e padà fún Bàbá: "Wọ́n ní ojú ọjọ́ ti pàwàdà, sà." Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ṣírí àgbàdo. "Ó pàwàdà," ló wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù fún mi, èyí tí òjò ń rọ̀ tẹ́lẹ̀ àti èyí tó ń rọ̀ báyìí.

Ó wá ku aláwọ̀ ewé. Àwọn mìíràn ń wí pé "ọrọ̀-ajé ìmúdúró", ọlọ́pàá ló ń mú mọ́tò dúró. Ọ̀rọ̀ tí mò ń wá, ara ìwé kékeré ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni mo ti rí i. Pupuru ló ń ṣe: ó ń rẹ ẹ̀gẹ́, ó ń fún omi rẹ̀ kúrò, ó ń mọ ọ́n roboto, ó ń tò ó sórí àjà lókè iná títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi dúdú. Igi ìdáná tó ń ṣẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé nígbà tó dé ilé wa, ó ti ń rà á báyìí. Lẹ́yìn ìwé tó fi ń dá owó, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù. Jẹ, kó ṣẹ́kù. À-jẹ-ṣẹ́kù, oní wá bá a, ó di alájẹṣẹ́kù. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọlọ́jà ti ń jẹ́ orúkọ yìí. Ọrọ̀-ajé alájẹṣẹ́kù: jẹ igbó, kí igbó ṣẹ́kù.

Ọ̀rẹ́ mi kan, olùkọ́ èdè, ní orúkọ náà ti ní ẹni tó ni ín. Mo ní ẹni náà kò ní bínú.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà nílẹ̀. Ní ìpàdé àgbáyé lórí ojú ọjọ́ ní Glasgow ní 2021, ìjọba wa ṣèlérí pé tó bá fi máa di 2060, asóorumọ́ tí a ń tú sókè kò ní ju èyí tí a ń fà padà lọ. Mo ti kọ "òdo" sílẹ̀, mo pa á rẹ́. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bó ṣe ń yí pupuru lórí àjà: ohun tó jáde àti ohun tó wọlé dọ́gba, kò sí èrè, kò sí gbèsè.

"Ojú owó nìyẹn," ló wí, ó sì fẹ́ iná.