Ọtí Olómidùn

Ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá kọ̀wé nípa bíà, ọ̀rọ̀ kan ló máa kọ́kọ́ dè é lọ́nà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, kì í ṣe ti kẹ́míkà. "Kíkan" ni. Púpọ̀ nínú àwọn ọtí ọkà tó wù mí kí àwọn apọntí máa pọn ju ti ìsinsìnyí lọ ló ń kan lẹ́nu: ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ wa tí a ń fi àgbàdo ṣe, tchoukoutou tí wọ́n ń fi ọkà bàbà pọn ní àríwá Benin, ọtí àlìkámà tí àwọn ará Berlin ń pè ní Berliner Weisse, lambic tí wọ́n ń pọn nítòsí Brussels. Bí a bá wá kó gbogbo wọn pọ̀, tí a pè wọ́n ní "ọtí kíkan", ọjà ti bàjẹ́ kó tó dé àtẹ. Ẹni tó ti ka Bíbélì Yorùbá mọ ohun tó ń jẹ́ ọtí kíkan: òun ni wọ́n ki kànìnkànìn bọ̀ tí wọ́n nà sí Jésù lórí àgbélébùú. Fínígà ni. Ta ni yóò fowó ra ìgò fínígà kó wá jókòó tì í nírọ̀lẹ́?

Ọ̀rọ̀ náà kò burú níbi gbogbo ṣá. Ọbẹ̀ tó kan, ẹ dà á nù. Ẹmu tó kan jù, ẹlẹ́mu á máa bẹ oníbàárà. Ṣùgbọ́n ní Ìbàdàn, ẹ gba Bẹẹrẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ọjà'ba, kí ẹ dúró ti ìyá ológì. Ẹ bi í bóyá ògì rẹ̀ kan, inú á dùn sí i pé ẹ béèrè, torí ògì tí kò kan kò tíì di ògì. Omi tó sì tòrò sórí ògì náà nínú ìkòkò, tó kan débi pé ó lè mú eyín ro èèyàn, omidùn ni wọ́n ń pè é. Omi dídùn! Omidùn yìí kan náà ni àwọn lẹ́kulẹ́ja máa ń ní kí ẹ fi rẹ egbò àgbo. Àwọn ìyá wọ̀nyí ti mọ̀ pé kíkan tó bàjẹ́ yàtọ̀ sí kíkan tó pé, wọ́n sì ti fún èkejì lórúkọ. Ẹ̀dá tíntìntín tó ń ṣiṣẹ́ nínú ìkòkò ògì, ẹbí Lactobacillus ni, ẹbí yẹn náà ló ń mú Berliner Weisse kan. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí á máa pe irú àwọn ọtí yìí ni ọtí olómidùn. Bí ẹni tó ń túmọ̀ ìwé bá ń wá ọ̀rọ̀ tó lè gbé adùn àti kíkan papọ̀ láìṣe àlàyé, ó ti wà lọ́jà láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Ìwé atúmọ̀ kò ràn wá lọ́wọ́ níbí. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ lọ́dún 1984, iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n gírámà àti lítíréṣọ̀ ló dojú kọ. Ọtí ò kàn án. Ohun tí mo rí kọ́ lára rẹ̀ ni pé kí á kọ́kọ́ yẹ inú ilé wò kí á tó lọ yá tẹlòmíì. Inú ilé kún. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́: wọ́n á rẹ àgbàdo sómi, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí ewé títí yóò fi hù, wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sè é, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á wá fi í sílẹ̀ kó máa hó. Kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí ọmọ ológì kò mọ̀. Èyí tó ń da àwọn atúmọ̀ láàmú jù ni ọkà tó hù náà, èyí tí òyìnbó ń pè ní malt. Lójú pópó, mọ́ọ̀tì ti di ohun mímu aláìlọ́tí inú ìgò, tí wọ́n ń pín níbi ìkómọjáde. Kò ṣeé gbà padà mọ́. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún ìgò, ká pe ọkà náà ní èéhù, bí a ti ń pe ohun tó rú jáde lára iṣu. Èéhù àgbàdo, èéhù bàbà, èéhù báálì. Híhù yẹn gan-an ló ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun inú ọkà lè di ṣúgà, ṣúgà yẹn ló sì ń di ọtí. Ẹni tó bá ju hóró kan tó ti hù tó sì ti gbẹ sẹ́nu, ó máa mọ̀ ọ́n lára.

Ìwúkàrà tí wọ́n fi ń túmọ̀ yeast ńkọ́? Inú Bíbélì náà la ti rí i, àkàrà ló sì ń mú wú. Kò sí àkàrà nínú ìkòkò ọtí, kò sì sí ohun tó ń wú níbẹ̀; híhó ló ń hó. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni èmi yóò lò, torí pé ohun tó máa ń sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, ẹ̀dá tó pọn ọtí náà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, òun sì ni àwọn apọntí bàbà káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń tọ́jú fi bẹ̀rẹ̀ ìkòkò mìíràn. Èyí tó kù nínú asẹ́, èèrí ni. Ewúrẹ́ mọ̀ ọ́n.

Hóòpù ni mo gbà kí á yá. Òdòdó tó ń mú bíà korò ni, kì í hù nílẹ̀ wa, bí àwọn onímọ̀ bá tilẹ̀ ti fi ewúro àti orógbó dán ipò rẹ̀ wò. Bíà dúdú kò nílò ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: àwọn amutí ti sọ ìgò Guinness ńlá ní òdèkú, kò sí ìgbìmọ̀ tó lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àgàdàgídí náà, ọtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n àpọ́njù, kí ẹnikẹ́ni má pè é ní "bíà ọ̀gẹ̀dẹ̀" o. Kò sí ọkà nínú rẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ọkà fúnra rẹ̀ gba ìṣọ́ra. Bí ẹ bá kọ "bíà ọkà" fún ará Ìbàdàn, àmàlà ló máa rí nínú ife. "Bíà bàbà" ló yẹ, a sì ti ń mu ún tipẹ́ láìmọ̀. Nigerian Breweries ṣí ilé ìpọntí wọn ti Ìbàdàn sí ọ̀nà tuntun tó lọ sí Ifẹ̀ lọ́dún 1982. Nígbà tí òfin tí ìjọba àpapọ̀ fi de ọkà báálì òkèèrè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1988, gbogbo apọntí ńlá, àwọn náà pẹ̀lú, ló sáré sídìí bàbà àti àgbàdo. Wọ́n ká òfin náà kúrò nígbà tó yá, bàbà kò kúrò nínú ìgò. Ṣùgbọ́n wọ́n sẹ́ ẹ mọ́ tónítóní, wọ́n mú un tutù, wọ́n mú kó dà bíi ti Jámánì, ẹnikẹ́ni kò sì fún un lórúkọ tuntun. (Nígbà tí mo bá kọjá ní Bẹ́yẹrúnkà, ẹyẹ àti ọkà ni etí mi máa ń gbọ́ nínú orúkọ àdúgbò náà, ara mi a sì ta pé a ò rí irú rẹ̀ lára ìgò kan.) Lókè òkun, ọ̀rọ̀ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ rọ́kú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ní Cuba, àwọn olórìṣà tí wọ́n ń pè ní Lùkùmí ṣì ń fi àgbàdo, ọsàn kíkan àti ṣúgà ṣe ohun mímu fún òrìṣà, chequeté ni wọ́n sì ń pè é títí dòní.

N ò retí kí ẹnì kan gbé agbada ọtí kalẹ̀ sábẹ́ òkè Mápó, lẹ́bàá Ọjà'ba níbi tí ìyá ológì wà. Mùsùlùmí ló pọ̀ ládùúgbò yẹn, ìyá ológì kò sì ní láti di ọlọ́tí kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó wúlò. Àwọn tó ní ilé ìpọntí ni mò ń bá wí. Bí wọ́n bá máa pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tà, orúkọ ọjọ́ rẹ̀ ni kí wọ́n kọ sára rẹ̀, torí kì í dúró sójú kan bíi bíà inú fìríìjì: lọ́jọ́ kìn-ín-ní adùn ló ń ṣíwájú, bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́ ni omidùn ń borí, bí ẹ bá sì dé e pa nígbà tó ṣì ń hó, ó lè fọ́ ìgò. Kí ẹni tó dé ìsọ̀ lè sọ pé ti ọjọ́ kejì ni kí ẹ bu fún òun, kí ẹ fi ti ọjọ́ kẹta sílẹ̀ fún bàbá tó ń bọ̀ lẹ́yìn.